Àjákù aṣọ ẹbí di ìdè irun

Iná ò sí ní Ìkòròdú lánàá, mo bá jókòó ti maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ màámi. Àjákù ańkárá tá a fi sìnkú Màmá Àgbà ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè dà á nù láéláé. Mo gé e ní ínṣì 20, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Mo ṣẹ́ ẹ po, ojú aṣọ wà nínú, mo rán an, mo yí i síta. Rọ́bà tó ń fà tí mo rà ní Sábọ̀ ló wá kù láti fà gba inú rẹ̀. Píìnì tí mo fi ń fà á já sílẹ̀ láàárín aṣọ lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yọrí. Mo ta rọ́bà ní kókó, mo fọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa. Àbúrò mi fi di irun, ló bá ní: "Àǹtí mi, ó dà bíi pé Màmá Àgbà ló dì í fún mi." Omi bọ́ lójú mi.