Ọ̀dàn Kansas lójú ọmọ tó dàgbà síbẹ̀

Ẹni tó bá gba ọ̀nà I-35 láti Kansas City lọ sí Emporia, tó wá yà sí US-50 lọ sí Strong City ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà, á rìn tó wákàtí méjì. Kó tó débẹ̀ ni igi á ti tán lójú ọ̀nà, tí á wá ku koríko nìkan. Àlejò á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ bi ọmọ tí wọ́n tọ́ sí oko màlúù ibẹ̀ wò, iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ kà fún yín.

Flint Hills ni wọ́n ń pe àgbègbè náà, nítorí òkúta ìbọn tó kún inú ilẹ̀. Òkúta yìí ló gba koríko là: ohun ìtúlẹ̀ kò ràn án, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún màlúù. Nínú gbogbo ọ̀dàn koríko gíga tó wà ní Àríwá Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá 4 nínú 100, ibí yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà. Olórí koríko wọn, big bluestem, tí orí rẹ̀ là sí mẹ́ta bí ẹsẹ̀ tòlótòló, ọmọ ìyá eruwà wa ni. Lọ́dún tí òjò bá dáa, ó lè ga ju èèyàn lọ.

Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ni wọ́n ń dáná sun ún. Ará Òkè-Ògùn á ní òun mọ èyí, ṣùgbọ́n iná ọdẹ kọ́ ni tiwọn. Wọ́n á kọ́kọ́ pe àwọn aláṣẹ káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Wọ́n á wo afẹ́fẹ́, kó wà láàárín máìlì 5 sí 15 ní wákàtí kan, kó má sì máa yí kiri. Wọ́n á po dísù ọ̀nà mẹ́ta mọ́ pẹtiróòlù ọ̀nà kan sínú agolo tí ń kán iná sílẹ̀. Ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí iná lè máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ibi tó jó bá ti fẹ̀ tó, wọ́n á tan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni wọ́n á fi parí. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni màjàlà rẹ̀ máa bà sí. Aṣọ òwú àti bàtà aláwọ ni wọ́n ń wọ̀. Náílọ́nù máa ń yọ́ mọ́ èèyàn lára. Bí wọn ò bá sun ún fún ọdún mélòó kan, igi kédà á gba ilẹ̀.

Géètì wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ìyẹn wáyà tí wọ́n so mọ́ igi tí wọ́n fi ń kọ́ òpó, ni ìdánwò ọmọdé. Ẹ ki ìdí igi géètì bọ òrùka ìsàlẹ̀ òpó, ẹ fi èjìká ti òkè rẹ̀ mọ́ òpó, kẹ́ ẹ tó fi òrùka òkè kọ́ ọ. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, kò ní dé. Géètì tí ẹ bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá ní ṣíṣí, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí ó lè jẹ́ ọ̀nà omi ni ẹ máa dí, màlúù kan sì lè mu gálọ́nù 20 lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú.

Àmọ́ ọmọ màlúù aláìníyàá ló ń wọ ọmọdé lọ́kàn jù. Láàárín wákàtí mẹ́fà tí wọ́n bí i ló yẹ kó ti mu omi ọyàn àkọ́kọ́. Tí ọjọ́ kan bá kọjá, ìfun rẹ̀ kò ní lè gba ààbò tó wà nínú omi ọyàn náà mọ́. Lẹ́yìn náà, mílíìkì oníyẹ̀fun ni: bíi lítà 2 láàárọ̀, lítà 2 nírọ̀lẹ́, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ki lónìí, tó ṣàn lọ́la, ìgbẹ́ gbuuru á mú un, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ó sì lè kú kíákíá. Ẹni tó bá da mílíìkì sí i lọ́fun, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè dà á sí. Ọmọ tó ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí ẹranko kan, títí tí ẹranko náà fi mọ ìró bàtà rẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan lọ́dàn. Púpọ̀ wọn máa ń fà á lọ síbi àfihàn káńtì pẹ̀lú 4-H, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, kí wọ́n tó tà á. Ibẹ̀ ni ẹkún wà.

Tí ẹ bá lọ, ẹ má bi onílé pé màlúù mélòó ló ní. Owó báńkì rẹ̀ lẹ ń bi í yẹn, a kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀gbẹ́ Strong City ni Tallgrass Prairie National Preserve wà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1996. Wọ́n kó ẹfọ̀n Amẹ́ríkà síbẹ̀ ní 2009, ẹ jìnnà sí wọn tó 100 yáàdì. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Eégbọn kan wà níbẹ̀, lone star ni wọ́n ń pè é, tí itọ́ rẹ̀, bó bá géni jẹ, lè sọ ẹran màlúù di èèwọ̀ fún ara. Ẹni tó ní ọ̀ọ́dúnrún màlúù á wá máa jẹ ẹ̀wà.