Ajá Mẹ́rin Nínú RV: Níbo Lẹ Máa Sùn Mọ́jú?

Lọ́dọọdún, àwọn bàbá àti ìyá a máa gbéra ní Abẹ́òkúta lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á bá ọkọ̀ ńlá kan níwájú ilé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì àti balùwẹ̀ nínú. RV ni wọ́n ń pè é. Ọmọ á ní kí wọ́n múra, pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gbogbo ilé ń lọ wo ayé. Gbogbo ilé yẹn, ajá mẹ́rin wà nínú rẹ̀.

Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kì í sábà le lójú ọ̀nà. Alẹ́ ló máa ń le. Ẹni tó ní ajá kan, ibi púpọ̀ ló gbà á. Bó bá ti di mẹ́ta sókè, iye ajá ló ń yan ibi ìsùn fún yín.

Ọ̀pọ̀ ọgbà RV aládàáni, ìyẹn ibi tí a ti ń sanwó gbé ọkọ̀ sùn, ló jẹ́ pé ajá méjì ni òfin wọn gbà fún ọkọ̀ kan, àwọn mìíràn gba mẹ́ta. Ariwo wà lára ohun tó fà á, ìdójútòfò tí ọlọ́gbà ń san náà sì wà níbẹ̀. Àwọn adójútòfò yìí náà ló máa ń mú kí wọ́n lé irú àwọn ajá kan: pit bull, Rottweiler, Doberman, nígbà mìíràn Alsatian tí a mọ̀ nílé yìí, tí wọ́n ń pè ní German Shepherd lọ́hùn-ún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń sanwó lè má béèrè ju pé ṣé ẹ ní ẹran ọ̀sìn. Ẹ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", owó wọlé. Aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ dé ẹnu géètì, òṣìṣẹ́ yọjú wo fèrèsé, ó ka orí mẹ́rin. Ẹ̀bẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún wa lẹ́nu géètì nílé, "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa", kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ yẹn mọ̀ pé bí ajá kan bá bu èèyàn jẹ, iṣẹ́ òun ló lọ. Owó tí ẹ san sì lè má padà.

Nítorí náà, fóònù ni kí ẹ lò, kó má ju ọ̀sán ọjọ́ náà lọ. Ẹ má fi iye ajá pamọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀, òun ni kó ṣáájú: "Ajá mẹ́rin la ní. Labrador méjì, Alsatian kan, kékeré kan. Gbogbo wọn ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ṣé ẹ gbà wọ́n? Èló lórí ajá kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kan? Ṣé a lè ta wáyà kékeré yí wọn ká? Ṣé wọ́n lè dá wà nínú ọkọ̀ fún wákàtí kan?" Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ló wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ọgbà kọ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá gbà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó dáhùn, kí ẹ sì ní kó fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Àwọn ọgbà KOA, tí wọ́n pọ̀ káàkiri, ń ní pápá ajá tí wọ́n ń pè ní Kamp K9 ní ọ̀pọ̀ ibi. Àmọ́ olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni púpọ̀ nínú wọn, òfin tàbí owó ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Pípè ni, kò sí àbùjá.

Ẹni tí ajá rẹ̀ pọ̀, tí kò fẹ́ ká wọn lẹ́nu géètì mọ́, ilẹ̀ ìjọba ló máa ń bá a lára mu jù. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí BLM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilẹ̀, ń bójú tó àti igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní national forest gba ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi púpọ̀. Lórí ilẹ̀ BLM, ọjọ́ 14 láàárín ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń gbà fúnni níbi kan. Kò sí omi, kò sí iná, kò sí ibi ìdalẹ̀sí. Ẹ gbọ́dọ̀ ní omi tiyín nínú táńkì. Ajá ń mu bíi mílílítà 60 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn ni pé ajá mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 25 á mu lítà mẹ́fà, kí oòrùn tó dá sí i. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ya lítà 20 sọ́tọ̀ fún ajá nìkan, kí ẹ má bá a lò fún àwo. Fún igbó ìjọba, ẹ wá máàpù tí wọ́n ń pè ní MVUM, òun ló ń fi ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà hàn. Kí ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn ín kí RV tó wọ̀ ọ́, nítorí pé ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 28 kì í rọrùn láti yí padà lójú ọ̀nà eléruku.

Níbẹ̀, ẹ má tú ajá sílẹ̀ kìkì nítorí pé ẹ ò rí ènìyàn. Màlúù ń jẹ lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, ọlọ́sìn tó bá rí ajá tó ń lé màlúù rẹ̀ sì lè yìnbọn sí i. Koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní foxtail, tí irúgbìn rẹ̀ dà bí ọfà: ó ń wọ àárín ìka ajá, ihò imú àti etí, kì í padà sẹ́yìn, ó ń wọnú ẹran lọ ni. Lálaalẹ́ ni kí ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún nìyẹn, ẹ fi sí ètò ìrọ̀lẹ́.

Ọgbà ìtura ńlá ìjọba àpapọ̀, irú Yellowstone, yàtọ̀ sí igbó ìjọba. Níbẹ̀, okùn ajá kò gbọ́dọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, púpọ̀ nínú ipa ọ̀nà ìrìn kò sì gba ajá rárá. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹnì kan á jókòó ti ajá. Ẹ̀yin òbí, ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n máa ní kó jókòó.

Ní ti ibi tí a kàn fẹ́ sùn kí ilẹ̀ mọ́, ojú ẹni ló máa kọ́kọ́ lọ sí gbàgede ìgbọ́kọ̀sí Walmart, ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà káàkiri. Nígbà kan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló gbà. Ní báyìí, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan àti òfin ìlú ló ń sọ ọ́, àwọn tó kọ̀ sì ti pọ̀. Ẹ pè kí ẹ tó dé. Bí wọ́n bá gbà, òru kan ni, ní ìkángun gbàgede, lẹ́bàá koríko. Ẹ má yọ yàrá tó ń ti ara ọkọ̀ jáde, ẹ má fi jáàkì sórí ọ̀dà, ẹ má ta ìbòji, ẹ má gbé àga síta. Ajá méjì-méjì ni kí ẹ máa mú jáde, nítorí pé ẹni tó bá rí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà á rò pé ẹ ti pàgọ́. Púpọ̀ nínú ilé oúnjẹ Cracker Barrel náà máa ń gbà, bákan náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù Cabela's kan.

Ibùdó àwọn awakọ̀ tírélà, irú Love's àti Pilot Flying J, kò nílò ẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó ní ìyà tiẹ̀. Tírélà tó gbé ẹ̀rọ amóúnjẹtutù máa ń kùn láti alẹ́ dòwúrọ̀, ajá tí kò sùn kò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún egungun adìyẹ tí àwọn èèyàn jù sílẹ̀. Egungun tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ ṣọ́ńṣó, ó sì lè gún ìfun. Èyí tó burú jù ni omi aláwọ̀ ewé tó ń jò láti inú rádíétọ̀: ó dùn lẹ́nu ajá, díẹ̀ rẹ̀ sì ń ba kíndìnrín jẹ́ títí dé ikú. Iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, okùn kúkurú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lá ohunkóhun nílẹ̀. Ẹ má sì gba àyè tírélà. Òfin wákàtí ìwakọ̀ ló ń lé àwọn awakọ̀ yẹn sórí oorun, wọn ò lè wa ọkọ̀ síwájú láti wá ibòmíràn. Àwọn Love's kan ti ní àyè RV tó níná àti omi, tí ẹ máa sanwó fún, ìyẹn sàn jù.

Ibi ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ wà, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí tirẹ̀. Florida gba wákàtí 3, California àti Washington 8, Oregon 12, Texas 24. Wákàtí mẹ́ta kì í ṣe oorun. Àyè koríko tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ajá níbẹ̀, ọmọ ajá tí kò tíì parí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn án. Parvo, àrùn tó ń pa ọmọ ajá, lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Harvest Hosts ni èyí tí òbí láti ilé máa ń fẹ́ràn jù. Ẹ san owó ẹgbẹ́ lọ́dún, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń pọn ọtí á sì gbà yín sórí ilẹ̀ wọn fún òru kan, ẹ̀yin á ra ọjà díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ẹ kọ iye ajá sínú ìwé tí ẹ máa fi béèrè àyè, kí ẹ sì béèrè bóyá adìyẹ tàbí ewúrẹ́ ń jẹ̀ kiri. Alsatian tó dàgbà sẹ́yìn géètì kan ní Ìbarà tàbí ní Houston, bákan náà ni ojú rẹ̀ ń rí adìyẹ.

Ooru wà lára ohun tó léwu jù fún ajá nínú RV. Nínú ọkọ̀ tí a tì pa, ooru lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 11 Sẹ́síọ́ọ̀sì gùn sókè láàárín ìṣẹ́jú 10. Bó bá jẹ́ 32 níta, inú ti di 43, ajá sì jẹ́ pé mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, kì í làágùn bíi tiwa. Ẹ ṣírò iná yín báyìí. Éésì BTU 13,500 ń jẹ bíi wáàtì 1,300 sí 1,500. Bátìrì lithium Ah 100 kan tó jẹ́ fóltì 12 kò ju wáàtì-wákàtí 1,280 lọ, kò lè gbé e fún wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ wáàtì 3,000 á gbé e. Ti 2,200 náà lè gbé e bí ẹ bá fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní soft start sára éésì, kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ má bàa wúwo. Àmọ́ púpọ̀ ọgbà kì í gba jẹnẹrétọ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́, èéfín rẹ̀ sì lè wọ ọkọ̀ aládùúgbò, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń kígbe fún carbon monoxide, gáàsì inú èéfín tó ń pani, kò gbọ́dọ̀ kú.

Torí náà, lọ́jọ́ ooru, ibi tó níná ni kí ẹ sùn. Iná amp 30 jẹ́ wáàtì 3,600 péré. Bí éésì bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ tan máíkrówéèfù àti ẹ̀rọ amómigbóná lé e, bírékà á já. Bí ẹ bá tún ti jáde, ajá mẹ́rin wà nínú ilé tí kò ní atẹ́gùn. Ẹ má sì rò pé Abẹ́òkúta nìkan ni iná ti ń rẹlẹ̀: ní ọgbà àtijọ́, bí gbogbo ọkọ̀ bá tan éésì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóltì iná lè lọ sísàlẹ̀ 105, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ éésì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Ẹ ra ẹ̀rọ EMS tó ń gé iná kúrò bó bá rẹlẹ̀ jù, àti ẹ̀rọ awọnooru tó ní síìmù tirẹ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù yín. Kó má jẹ́ èyí tó gbára lé Wi-Fi ọgbà.

Ọ̀nà kan wà tí a kì í nílò éésì: ẹ gun òkè. Ooru ń dínkù ní bíi ìwọ̀n 6.5 fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Phoenix ní Arizona wà ní nǹkan bí mítà 330, Flagstaff wà ní 2,100, kò sì ju kìlómítà 230 lọ láàárín wọn. Igbó ìjọba Coconino yí Flagstaff ká. Nínú oṣù Keje, ìyàtọ̀ yẹn ló wà láàárín ajá tó ń sùn àti ajá tó ń kú.

Ẹ má wakọ̀ ju kìlómítà 480 lọ lójúmọ́, ó ti ju kí èèyàn ti Abẹ́òkúta lọ Èkó kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ti dé. Ẹ ní ibi kejì nípamọ́ tí kò jìnnà ju 50 kìlómítà lọ, tí ẹ ti pè tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀: ìrìn ogún ìṣẹ́jú, omi, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Ẹ fi aṣọ dí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, torí ajá kan tó rí ẹsẹ̀ tó ń kọjá ni yóò jí mẹ́ta yòókù, kí ẹ sì tan fáànù kí ìró rẹ̀ bo ariwo ìta. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìyókù ọbẹ̀ sí àwo ajá. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ata á sì mú kí wọ́n máa yàgbẹ́ láago méjì òru nínú yàrá kan tí ẹ̀yin náà ń sùn sí.

Ìwé: ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ajá kọ̀ọ̀kan, nínú ọ̀rá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Òbí tó ti pé ọdún 62, tó ní gíríìnkáàdì tàbí tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, lè gba Senior Pass, káàdì ìjọba fún àgbàlagbà, ó sì ń gé owó ìsùn sí ìdajì ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba àpapọ̀. Físà àbẹ̀wò kò tó.

Láàárọ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tó ń fa yàrá ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí gbogbo ajá ti wà níta lókùn. Ajá kékeré a máa sùn sẹ́yìn rẹ̀, mọ́tò yẹn kì í sì mọ ara ajá yàtọ̀ sí ìrọ̀rí. Ẹ ka wọn kí ẹ tó fà á, ẹ tún ka wọn kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.