Ìwé Ẹnu Géètì: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì ti pinnu pé mi ò ní wọ 2026 láìkọ eléyìí sílẹ̀. Lọ́dún yìí mo yege nínú ìdánwò, mo fìdí rẹmi nínú ẹyọ kan (Statistics, ẹ má bi mí), mo gé irun mi. Gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí mo fi ṣe IT (iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níta iléèwé) ní báǹkì kan ní Marina, láti oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Wọn ò fi mí sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó lẹ́yìn gíláàsì. Corporate banking ni wọ́n fi mí sí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá iléeṣẹ́ lówó. Ìkòròdú ni mò ń gbé, nítorí náà aago mẹ́rin àbọ̀ ni mò ń jí kí n lè bá ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò, kí n wá fi ẹ̀wù ààbò aláwọ̀ ọsàn tó ń rùn fún òógùn àwọn tó wọ̀ ọ́ ṣáájú mi kọ́rùn.

Orúkọ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Níbẹ̀, orúkọ ni wọ́n ń pe ara wọn, àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá mi, tí wọ́n tó bí mi lọ́mọ, ní kí n má pe àwọn ní "mà" mọ́. Ẹnu mi ò gbà á. Bí mo bá ní nǹkan í sọ, màá rìn dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn, màá wúkọ́. Nígbà tó yá, bí mo bá ti wúkọ́ báyìí, wọ́n á ní, "Kí ló dé?" láìgbójú sókè.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó ìṣirò owó iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ yáwó sínú Excel: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, gbèsè tí wọ́n jẹ, èyí táwọn èèyàn jẹ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo da nǹkan rú. Ìwé ọdún 2023 kọ owó pé pérépéré; ti 2024 kọ ₦'000 sókè, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ òdo mẹ́ta kúrò lẹ́yìn gbogbo iye tó wà níbẹ̀. Èmi ò rí i. Bí ẹni tó ta ọjà bílíọ̀nù mẹ́rin ṣe di ẹni tó ta ọjà mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún kejì nìyẹn. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Ilé wọn jóná ni?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Mo lọ sunkún díẹ̀ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo padà wá tún un ṣe.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé tí CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, là sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dín in sí 27. Èyí tí oníbàárà ń san tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tó yá mílíọ̀nù 100 ní ìdá 30 fún ọdún kan, mílíọ̀nù 30 lèlé nìkan. Kí ló fẹ́ tà? Mo ti rò pé bí èèyàn bá ti ní ilẹ̀ tó fi dógò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀gá mi ní ta ló fẹ́ máa gbé ilẹ̀ onílẹ̀ kiri kóòtù. Ohun tí wọ́n ń bi oníbàárà ni pé ọjọ́ mélòó lowó ẹ fi ń padà sí i lọ́wọ́.

Báǹkì náà ń sáré owó tiẹ̀ o. Láti 2024 ni CBN ti sọ pé báǹkì tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500 náírà owó ìdókòwò kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, 2026. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọjọ́ tí mi ò ní gbàgbé ni ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ sí iléeṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Owó tí wọ́n máa fi ra àgbàdo pamọ́ ni wọ́n ń wá. Ọ̀gá ibẹ̀ kó ìwé tó ń dán fún wa, ó ní ọkọ̀ mẹ́sàn-án ń kó ẹrù jáde lójúmọ́. Ọ̀gá mi ò jiyàn. Nílé ìkẹ́rùsí, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò àgbàdo kan dé ìgúnpá, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn, òkè àpò ló ń tún ṣe.

Nígbà tá a ń jáde, wọ́n ní kí dírẹ́bà dúró lẹ́nu géètì. "Ẹ kú òòrùn o, bàbá." Wọ́n ní kí bàbá ọlọ́dẹ jẹ́ káwọn rí ìwé tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Ìwé náà ti ya létí, bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́ gbàgàdà. A ka oṣù kan gbáko: mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́fà, ọjọ́ mìíràn ẹyọ kan. Kò sọ́jọ́ tó dé mẹ́sàn-án. Ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan nínú mọ́tò títí tá a fi kọjá Berger. Wọ́n wá ní, "Wọn ò tíì sọ fún bàbá yẹn pé mẹ́sàn-án ni." Wọ́n ṣì yá iléeṣẹ́ náà lówó, àmọ́ kò tó ìdajì ohun tí wọ́n béèrè.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ìwé ẹnu géètì tèmi náà. Mo ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo kàwé gan-an lọ́dún yìí. Fóònù mi ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni mò ń lò lórí òun. Mo ní mò ń fowó pamọ́. Mo ka àlẹ́ẹ̀tì mi láti oṣù Kẹfà, súyà àti dátà ló kún ibẹ̀. Ẹgbẹ̀rún 80 náírà ni wọ́n ń fún wa lóṣù, èyí àkọ́kọ́ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kì í gbéni láwìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yá mi ní ẹgbẹ̀rún 45.

Mo tiẹ̀ gbé ìmọ̀ mi délé. Ẹja tútù ni màmá mi ń tà lọ́jà Ìkòròdú. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n sí, kí n bá wọn ṣírò ọjọ́ tówó fi ń padà. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà mọ́lẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ yá mi lówó ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa, lọ bá mi pọn omi wá."

Báǹkì náà ò tíì sọ bóyá wọ́n máa pè mí padà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá pè mí, màá lọ. Mo ti san ẹgbẹ̀rún 30 nínú gbèsè ẹ̀gbọ́n mi. Ní àná, wọ́n fi ìkíni ọdún ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pẹ̀lú àdúrà gígùn, àti gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pátápátá: nọ́ńbà àkáǹtì mi ò tíì yí padà o.