Ẹ Bá Wa Dúpẹ́: Olúwa Yọ Àgbà Awakọ̀ Òfurufú Wa Nínú Ewu

Ọpẹ́ ló yẹ Olúwa. Àwa tí a jọ jẹun nídìí bàálù, awakọ̀ àti ẹnjiníà, là ń jẹ́rìí yìí ní Àkúrẹ́ lórúkọ àgbà wa kan tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí ewu tí Ọlọ́run yọ òun àti gbogbo èrò rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí bàálù ṣe ń balẹ̀ lè rò pé ohun kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká là á yé yín.

Iṣẹ́ ológun ni Bàbá kọ́kọ́ ṣe. Ọdún 1964 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀, tí àwọn ará Jámánì wá kọ́ àwọn àkọ́kọ́. Ìran tó tẹ̀lé wọn ni tirẹ̀. C-130 ló ń wà, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ń kó ọmọ ogun àti ẹrù lọ sí Làìbéríà nígbà tí ECOMOG, àwọn ọmọ ogun àjọ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ ibẹ̀ ní 1990. Nínú C-130, bí ẹsẹ̀ bàálù bá kọ̀ tí kò jáde, irin wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí títí á fi sọ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ kọ̀. Nígbà tó bọ́ aṣọ ológun, ó tún jókòó ṣe ìdánwò òfin òfurufú, ojú ọjọ́ àti ìtọ́sọ́nà kí wọ́n tó kọ́ ọ ní Boeing 737-200, bàálù akérò.

Láti Àbújá ni wọ́n ti ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ewu náà ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ bọ̀ sápá Ọba-Ilé, òróró haidirọ́líìkì A, òróró alágbára tó ń gbé ẹ̀rọ bàálù ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fà, iná ìkìlọ̀ sì tàn. Òróró yìí, tí agbára títẹ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an, ló ń gbé ẹsẹ̀ bàálù sókè sódò, òun ló ń na fúláàpù ìyẹ́ (apá ìyẹ́ tí wọ́n ń nà kí bàálù lè rọra balẹ̀), òun ló ń yí táyà iwájú, òun náà ló ń gbé àwọn bíréèkì inú ṣiṣẹ́.

Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kù ní ìṣísẹ̀ kan, síbẹ̀ Bàbá kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàálù. Ó yà sí Èkó. Bí a bá fi ọwọ́ já ẹsẹ̀ sílẹ̀ láìsí òróró, kò ní í wọlé padà mọ́. Atẹ́gùn á máa fà á, epo á sì máa tán lójú ọ̀nà. Rọ́ńwéè 18R, ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, tó wà ní Èkó gùn tó mítà 3,900, èyí tó tẹ́ ẹni tí bíréèkì rẹ̀ ti dín kù lọ́rùn, panápaná ibẹ̀ sì pọ̀. Epo tó lè gbé wọn dé pápákọ̀ mìíràn, kó tún ṣẹ́ ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wà nínú bàálù, nítorí òfin ni, Bàbá kì í sì í fi òfin yẹn ṣeré.

Lókè Èkó, ọ̀kan nínú awakọ̀ méjèèjì ń ka ìwé ìlànà síta, èkejì ń ṣe é. Fúláàpù ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ́tò iná mànàmáná nà, ó ń rákò, kò sì sẹ́ni tó lè sáré sí i. Wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí ẹsẹ̀ bàálù sí àárín. Igbákejì awakọ̀ wá ṣí ìdérí kan nílẹ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìfà mẹ́ta wà, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì gbé e wálẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé méjì tàn. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tàn. Wọ́n dán gílóòbù rẹ̀ wò, kò bàjẹ́.

Igbákejì bá lọ sáàárín èrò. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì níbi tó kọjú sí ìyẹ́, wọ́n tan iná inú ihò tí táyà ń wọ̀ sí fún un, ó wá yọjú wo gíláàsì kékeré tó wà nílẹ̀. Àwọn ìlà pupa ara irin tó gbé ẹsẹ̀ dúró bá ara wọn mu régé. Bí wọ́n bá wọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ kò tíì tì pa nìyẹn. Olúwa ṣeun, ó ti tì pa. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fún iná pé ẹsẹ̀ ti tì pa, ló kọ̀.

Wọ́n balẹ̀. Táyà iwájú kò ṣeé yí, nítorí náà ó dúró sójú rọ́ńwéè kí wọ́n wá fi ọkọ̀ fà á. Èrò kan kò fara pa.

Nígbà tí àwọn ẹnjiníà ṣí i, òróró elése àlùkò ti rin gbogbo ihò táyà gbingbin. Ìdè páìpù kan ló tú díẹ̀, páìpù ń gbọ̀n, ó ń ha ara irin títí ó fi sán bí irun orí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ọwọ́ mi ìdè kọ̀ọ̀kan wò, ẹ má fi ojú lásán wò ó. Kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, òróró yẹn ń ta lójú gan-an.

Ọlọ́run ni a fi ògo fún. A dúpẹ́ lọ́wọ́ igbákejì, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù tí wọ́n fi sùúrù kọ́ èrò bí wọ́n á ṣe tẹ orí ba, lọ́wọ́ àwọn tó wà nílé ìṣọ́ tó ń darí bàálù, àti àwọn panápaná tó ti tò sẹ́bàá rọ́ńwéè kí bàálù tó dé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, ilé Bàbá ní Àkúrẹ́ ni a ó ti jẹ iyán. Ẹ má mú ẹ̀bùn wá o, ẹ ṣáà wá bá wa yin Olúwa.