Káńsẹ́lọ̀ ka igi tó gbìn fún wa, ta ló máa ka èyí tó yè?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa wá jíyìn fún wa ní mítìn àwọn onílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ tó ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ àyíká àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà yìí látìgbà tó ti dé ipò. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, mi ò sì ní sọ wọ́ọ̀dù tó jẹ́, ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo tó bá mọ̀ wá á mọ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ná pé ó gbìyànjú o. Ó wá fúnra ẹ̀, kò rán P.A. wá, ó mú ìwé dání, ó kà á fún wa, ó tún jókòó pé ká bi òun léèrè. Àwọn olóṣèlú mélòó lẹ mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ìbò ti sún mọ́lé? Torí náà tí mo bá ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí, kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀, ẹni tó bá ní òun ṣiṣẹ́ la máa ń bi léèrè iṣẹ́ náà.

Òkè réré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọdún 2024 ló gbóná jù lọ látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé, òótọ́ sì ni, WMO, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé, sọ pé ó fi nǹkan bíi 1.55°C gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ. Ó tún ní Nàìjíríà ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún 2021 pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí a ń tú sójú ọ̀run ò ní ju èyí tí igi àti ilẹ̀ lè fà mu lọ, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n buwọ́ lu òfin Climate Change Act. Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "2060 kẹ̀? Ọ́nọ́rébù, ẹ dákun ẹ bá wa fà á sún mọ́bí díẹ̀." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Káńsẹ́lọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó wá ṣí ìwé sí ojú ewé kejì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wá.

Igi ló kọ́kọ́ kà. Èyí tí wọ́n gbìn sójú títì, èyí tí wọ́n gbìn sí ọgbà ilé ìwé àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n pín fún àwọn onílé, ó sì fi fótò hàn wá lórí fóònù, òun rèé pẹ̀lú fìlà, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé yí i ká, wọ́n gbé ọmọ igi dání nínú ọ̀rá dúdú. Fótò yẹn dáa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ń gba ojú títì yẹn kọjá lójoojúmọ́. Ìgbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́ ni wọ́n gbìn ín, nígbà tí ọyẹ́ ti fẹ́ dé, kò sẹ́ni tó ń bomi sí i, wọn ò sọgbà yí i ká, ẹ sì mọ ewúrẹ́ ìlú wa, ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí, ṣé ewé tútù ló máa fojú fò? Kó tó di Kérésì, ọ̀pá tí wọ́n fi ti igi dúró nìkan ló kù ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn tó yè, ẹ lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà níkòríta. Ọkùnrin yẹn mú táyà tó ti jẹ, ó tò wọ́n léra yí igi kọ̀ọ̀kan ká, ewúrẹ́ ò lè na ọrùn dé inú ẹ̀, omi tó bá ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì nírọ̀lẹ́, inú táyà yẹn làwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń dà á sí. Dóńgóyárò ló pọ̀ nínú wọn, fúrúùtù kan wà níbẹ̀, wọ́n ti ga dé èjìká mi báyìí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn, kò sì sí nínú fótò kankan. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é, ó ní òòrùn ló ń pa òun lẹ́nu iṣẹ́, kí ló tún kù. Ìyẹn ni mo fi dìde ní mítìn, mo ní Ọ́nọ́rébù, ẹ ṣé o, nínú gbogbo igi tí ẹ kà yìí, mélòó ló ṣì wà láyé? Ó wo ìwé, ó wo akọ̀wé ẹ̀, akọ̀wé wo ilẹ̀. Wọn ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Àwa ọmọ Òròkí, àwa ará Òṣogbo, ló sì yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Igbó Ọ̀ṣun tó wà lọ́wọ́ wa yìí, hẹ́kítà 75 ni, tó o bá ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun rìn wọbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ara ẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé ooru ti fi ẹ́ sílẹ̀, torí yàtọ̀ sí ìbòòji, omi tí gbòǹgbò ń fà nílẹ̀ ń gba ojú ewé jáde sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn ló ń mú un tutù. Kì í ṣe pé ẹnì kan lọ gbin igbó yẹn, èèyàn ló dúró tì í. Nígbà tí wọ́n ti ń gé igi ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ wọnú, Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, pẹ̀lú àwọn olórìṣà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí ni wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1965, lọ́dún 1992 ni wọ́n wá fẹ ààbò yẹn dé gbogbo hẹ́kítà 75, UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ìyá náà kú ní January 2009, igbó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bá mi wá ibi tí ẹnì kan ti gbé ọmọ igi àti ṣọ́bìrì dání ya fótò nínú ìtàn yẹn.

Gọ́tà ló wá dùn mí jù. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà àdúgbò wa lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n gbéṣẹ́ fún, wọ́n sì ṣiṣẹ́ gan-an, yanrìn, náílọ́ọ̀nù píọ̀wọ́tà, ike, páńpáàsì, bàtà ẹsẹ̀ kan, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó jáde. Wọ́n wá kó o jọ sétí gọ́tà kan náà, òkìtì òkìtì, wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ. Típà tó yẹ kó wá kó o ò wá. Òjò ńlá tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó gbá òkìtì yẹn padà síbi tí wọ́n ti kó o. Nínú ìwé Ọ́nọ́rébù, wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà, ó ti parí. Ẹ wá dúró sẹ́nu ilé wa lọ́jọ́ òjò kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe parí.

Òjò òde òní gan-an ò ṣe é bá ṣeré. Afẹ́fẹ́ tó bá fi 1°C gbóná sí i, omi tó lè gbé máa ń fi nǹkan bíi 7% pọ̀ sí i, torí náà tí òjò bá ti dúró dúró tó wá pinnu àtirọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ò rántí 2022, omíyalé tó pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, tó lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn. Àti àwa aráàlú náà o, ká sọ tòótọ́ fúnra wa. Ìtàn ìlú yìí sọ pé etí odò ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, Ọ̀ṣun ní kí wọ́n kó lọ sókè, wọ́n sì gbọ́. Lónìí àwa ń ra ilẹ̀ sẹ́nu odò, à ń kó yanrìn dí i, à ń fi fẹ́ǹsì dínà omi, ká tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba.

Ẹnì kan béèrè típà yẹn, Ọ́nọ́rébù ní ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pantí wà. Hẹn ẹ́n. Mo ṣí òfin ìlú 1999 lórí fóònù níbi tí mo jókòó sí, Fourth Schedule ẹ̀ kọ ọ́ kedere, títì àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, ilé ìgbẹ́ ìta gbangba, kíkó pantí dànù, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dá a ní July 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ ò gbọdọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Bí owó yẹn ṣe ń dé gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wọn, mi ò sì ní dá a lẹ́bi lórí ohun tí ò sí lápò ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó típà kan ṣáá?

Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ló wá bi ìbéèrè ọjọ́ náà. Ó dìde, ó tún ìró ẹ̀ ró, ó ní, "Ọ́nọ́rébù, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, Olúwa á gbè yín. Ẹ ní ká má da náílọ́ọ̀nù sí gọ́tà mọ́, mo ti gbọ́. Níbo ni kí n wá dà á sí?" Ọ̀rọ̀ pé wọ́n máa la àwọn aráàlú lọ́yẹ̀ ni Ọ́nọ́rébù fi dáhùn. Ìyá yẹn ti là lójú ná! Kò síbi tí wọ́n gbé agolo ìdọ̀tí sí ní gbogbo òpópónà wa. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kó pantí ń gbowó lọ́wọ́ wa, tó bá dòru wọ́n á lọ dà á sódò, ẹni tí ò sì lówó fún wọn á dáná sun ún lẹ́yìnkùlé, èéfín ike á gba ojú fèrèsé ẹlòmíì wọlé.

Ọ̀rọ̀ odò náà jáde nígbà tó yá. Omi Ọ̀ṣun tá a mọ̀ ti dàbí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, gbogbo wa la mọ ohun tó fà á, wíwa góòlù lókè lọ́hùn-ún lápá Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń fọ erùpẹ̀ sómi, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wà á lọ́wọ́ sì ń fi mákúrì, kẹ́míkà olóró kan, ya góòlù sọ́tọ̀. Lọ́dún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ pé kéèyàn má mu omi odò náà, nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní August, ìgbà tí àwọn èèyàn ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti ibi gbogbo torí omi yẹn náà. Ọ́nọ́rébù ní apá òun ò ká a. Òótọ́ ló sọ, ohun àlùmọ́ọ́nì wà nínú Exclusive List, ìyẹn àwọn ohun tí òfin fi sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, Àbújá ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ẹ̀, káńsẹ́lọ̀ ò lè lọ lé ẹnikẹ́ni kúrò ní kòtò góòlù. Àmọ́ ìwé ojú ewé mẹ́ta lórí àyíká, ní Òṣogbo, tí wọn ò fẹnu kan Ọ̀ṣun níbẹ̀ rárá, èyí ò bá mi lára mu. Kó ṣáà kọ ọ́ pé omi náà ò dáa, kó kọ orúkọ ẹni tó ti kọ lẹ́tà sí, kó kọ ọ́ tí wọn ò bá dá a lóhùn.

Iná sólà ojú títì, àwọn kan ń tàn, àwọn kan ti kú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí ò sí nínú ìwé ẹ̀ tó yà mí lẹ́nu ni èédú. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, àwọn tó lówó ládùúgbò ti ra sólà sórí òrùlé, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti dín kù, kì í sì í ṣe torí ojú ọjọ́ ni wọ́n ṣe rà á, owó epo ni. Gáàsì ìdáná náà wọ́n, ìyẹn ló tún lé àwọn tí ò lówó padà sídìí èédú. Àpò èédú kọ̀ọ̀kan tó o rí tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, igi ni. Tá a bá ń ka igi tá a gbìn, ẹ jẹ́ ká ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

Kí ìpàdé tó tú, mo dábàá pé nígbà tó bá tún ń bọ̀, kó má ka ìwé fún wa mọ́, ká jọ fẹsẹ̀ rìn lọ ka igi, ká sì wo gọ́tà lẹ́yìn òjò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, àmọ́ èmi náà máa wà nínú kọmítì. Wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀ kí n tó lanu, mẹkáníìkì yẹn ni alága. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òkìtì etí gọ́tà la máa kọ́kọ́ kó kí òjò mìíràn tó dé, alága àwọn onílé ti bá onítípà kan sọ̀rọ̀, ó ní tí a bá lè dáwó epo òun máa wá. Ọ́nọ́rébù ní òun máa fi tòun sí i, a ṣì ń retí álẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé ìtòsí, ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì méjì kó yá wa ní ọ̀kan, ẹni tó bá sì ní táyà tó ti jẹ, ẹ má tíì jó o o, ẹ bá wa gbé e wá.