Ààtàn Ìlọrin Kì í Kọ Ilẹ̀, Ti Jámánì Ń Kọ̀ Ọ́

Ní oṣù tí ó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin pè mí lórí fídíò láti Ìlọrin, ó sì bá mi níwájú ẹ̀rọ kan nínú ilé ìtajà, níbi tí mo ti ń ki àwọn ike omi tí ó ti ṣófo bọ ẹnu ẹ̀rọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé torí ike ṣíṣà ni ẹ ṣe lọ sí Jámánì?" Àlàájà, ìyá wa, tí ó jókòó tì í, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ohun tí wọ́n kàn fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ni pé ṣé kò sí o, ṣé owó oṣù ṣì ń wọlé, ìbéèrè yẹn sì dùn mí ju ẹ̀rín àbúrò mi lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà ṣàlàyé ara mi.

Láti ọdún 2003 ni òfin ti wà ní Jámánì pé ẹni tí ó bá ra omi, ọtí tàbí mínírà inú ike tàbí inú agolo gbọ́dọ̀ san sẹ́ńtì 25 lé iye tí wọ́n ń ta ohun tí ó fẹ́ mu, gẹ́gẹ́ bí owó ìdógò. Bí ó bá mu ún tán, yóò kó ike náà padà lọ sí ilé ìtajà, ẹ̀rọ yóò wo àmì ara rẹ̀, yóò gbé e mì, yóò sì tẹ ìwé owó jáde, èyí tí a óò fún ẹni tí ń gba owó. Ike 20 ti di Yúrò 5 nìyẹn. Sẹ́ńtì 8 ni ti ọ̀pọ̀ ìgò bíà, nítorí pé wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sì tún rọ ọtí sínú rẹ̀. Ṣé ohun àjèjì ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó dàgbà ní àdúgbò Pákátá ní Ìlọrin? Nígbà tí a wà ní kékeré, ta ni yóò ta mínírà fún ọmọ tí kò mú ìgò dání? Nínú kí a fi owó ìgò sílẹ̀, tàbí kí a dúró mu ún níwájú ṣọ́ọ̀bù lójú ìyá tí ń tà á, a ní láti yan ọ̀kan. Ìgbà tí ike dé ni owó ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìgbàgbé, tí ike sì wá ibùgbé sí ojú gọ́tà. Àbúrò mi gbàgbé èyí nígbà tí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn arúgbó kan wà níhìn-ín tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú garawa pàǹtí ní ibùdókọ̀ ojú irin lálẹ́, kí wọ́n lè rí ike tí àwọn ẹlòmíràn sọ nù, ṣùgbọ́n n kò sọ èyí fún Àlàájà.

Ní ti ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú nǹkan nílé, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: èèpo iṣu di ti ewúrẹ́, eérú di ohun tí a fi ń bó ìkòkò, ìgò òfìfo di ti ẹlẹ́pà, aṣọ ẹ̀gbọ́n di ti àbúrò kí ó tó di àkísà, àmù tí àwọn amọ̀kòkò Òkelele mọ ń mú omi tutù láìdúró de iná mànàmáná, àwọn oníkóńdẹ́mù sì ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin tí ó bàjẹ́. Ohun tí ó kù, ààtàn ni a ń dà á sí, ààtàn kì í sì í kọ ilẹ̀ tí a bá gbá.

Ààtàn ibi tí mo wà ń kọ ilẹ̀. Mẹ́rin ni garawa ńlá tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ní ìlú Dortmund: èyí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè wà fún ọ̀rá àti ike tí a fi di ọjà, ti búlúù wà fún ìwé àti páálí, ti búráùn wà fún èèpo oúnjẹ àti koríko, ti dúdú sì wà fún ohun tí kò bá ní ilé mìíràn. Ìgò tí kò ní owó ìdógò kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ó ní àpótí tirẹ̀ ní òpópónà, níbi tí a ti ń ya èyí tí ó mọ́ gaara sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláwọ̀ ewé àti ti búráùn, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, kí ariwo rẹ̀ má baà dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìsinmi. Bátìrì ń padà sí ilé ìtajà. Àga tí ó dá lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ pàǹtí kí a tó gbé e síta, bí ẹni pé dókítà ni ó fẹ́ lọ rí. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi tí kò ní ọdún Iléyá nínú, ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò wá gbé garawa kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún kẹta tí mo ti ń gbé inú ilé náà, mo rí àpò kan rà tí wọ́n ya ewé tútù sí lára, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé yóò jẹrà bí èèpo oúnjẹ. Inú mi dùn. Mo kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà tí ó kan sínú rẹ̀, mo dì í, mo sì jù ú sínú garawa búráùn pẹ̀lú ìdánilójú ọmọ tí ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé. Nígbà tí ọkọ̀ dé, àwọn òṣìṣẹ́ lẹ páálí pupa mọ́ garawa náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kíkún bámúbámú. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú níbí, àpò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú garawa èèpo oúnjẹ, nítorí pé kì í tètè jẹrà tó ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Onílé kọ̀wé sí gbogbo wa pé a óò pín owó ọkọ̀ tí yóò wá kó o lọ́tọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá tí ń gbé ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kí i lórí àtẹ̀gùn, orí ni ó fi ń dá mi lóhùn, kò ya ẹnu rí. Ó gbé àpòòwé kan sókè, orúkọ mi wà lára rẹ̀, ẹ̀wà sì ti yí i; inú àpò ni ó ti yọ ọ́. Ó ṣàlàyé fún mi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní èdè ọ̀wọ̀, láìpariwo, ohun tí ó yẹ kí ó wọ garawa wo. Mo dúpẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo sì sunkún. Owó náà kò pọ̀. Ohun tí ó pa mí lẹ́kún ni pé pàǹtí mi ni aládùúgbò mi kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó mọ̀ mí. Nílé wa, iyọ̀ tàbí iná ni a fi ń mọ ara wa.

Ibi tí ìṣòfò ti ń dùn mí jù náà nìyẹn. N kò mọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹnì kan, nítorí pé ọwọ́ tí Àlàájà fi kọ́ mi ni ọwọ́ agbo-ilé, àwọn tí wọ́n máa ń gbé abọ́ lọ sí ojúlé mẹ́ta nígbà ìṣínu kí wọ́n tó bu tiwọn. Oúnjẹ kò lè ṣẹ́kù níbi tí ọmọdé mẹ́fà ti ń yọjú. Níhìn-ín, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún ará ilé kejì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun kì í jẹ ohun tí òun kò mọ èròjà rẹ̀. Mo fi í sínú ẹ̀rọ amúǹkandì, ó pé oṣù méjì níbẹ̀, mo sì dà á sínú garawa búráùn. Ewé tí mo fi pọ́n ọn bá a lọ, kò sì sí ẹni tí ó lẹ páálí pupa mọ́ ọn.

Bí àbúrò mi bá ka èyí, yóò ní kí n máa bọ̀ nílé nígbà náà. Kí ó rọra. Omi ẹ̀rọ ilé ìdáná mi, mo ń mu ún láìsè é. Òun ń ra omi inú ọ̀rá, ó ń fi eyín já a, ó sì ń ju ọ̀rá rẹ̀ gba ojú fèrèsé ọkọ̀. Mo wà ní Ìlọrin nígbà òjò ọdún tí ó kọjá, mo sì rí ohun tí odò Àsà ń gbé kọjá lábẹ́ afárá. Ìtọ́jú nǹkan tí mo fi ń yangàn ní ìṣáájú, àìní ni ó kọ́ wa ní púpọ̀ nínú rẹ̀, mo sì ti rí i pé ẹni tí owó bá dé sí lọ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ ń jù ú nù. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mo ń ṣe níhìn-ín ń sanwó lọ́jọ́ tí ó yẹ, òun ni ó kan òrùlé tuntun sí yàrá Àlàájà, n kò sì rò pé ó yẹ kí n máa tọrọ gáfárà nítorí rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé mo ń kó ike lọ fún ẹ̀rọ.

Àlàájà tún pè ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Wọ́n ní bí mo bá ń bọ̀ fún Iléyá, kí n bá wọn mú ìgò oníderí wá, irú èyí tí òyìnbó ń kó jáàmù sí, nítorí pé ti Ọjà Ọba ti wọ́n. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò ní owó ìdógò, ẹ̀rọ kò sì ní í gbà á. Mo ti fọ mẹ́rìnlá, wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kílò 23 sì ni ọkọ̀ òfuurufú gbà fún mi. Bàtà tí àbúrò mi ní kí n rà fún òun ni yóò kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ẹrù.