Oṣù Lé, Wọ́n Ní Kò Gún

Láti kékeré ni mo ti gbà pé òjìji ayé ló ń bo òṣùpá tó fi máa ń tín-ín-rín bí èékánná. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀; èmi ni mo rò ó fúnra mi, tí mo sì dì í mú títí mo fi pé ẹni ọdún 43. Ọmọ mi ló já irọ́ yẹn. Mo ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ló bá na ọwọ́ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo òṣùpá! Ṣé kò tíì lọ sùn ni?" Òṣùpá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó funfun, ó tóbi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti yọ lẹ́yìn wa. Bí oòrùn àti òṣùpá bá jọ wà lójú ọ̀run, ibo ni òjìji ayé fẹ́ gbà dé ibẹ̀?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ ṣí àwòrán aláfarawé kan tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọlé láti apá òsì, ayé wà láàárín, òṣùpá sì wà lójú ọ̀nà tó fi ń yí ayé po. Èèyàn á di òṣùpá yẹn mú, á máa fà á kiri, bó sì ṣe ń fà á ni àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fi hàn bí yóò ṣe rí lójú ẹni tó dúró lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà ní oṣù lé, wọ́n ní kò gún, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o tún un ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ọmọ ọdún 9 tó o.

Ibi yòówù tí a fà á dé, ìlàjì òṣùpá tó kọjú sí oòrùn funfun, ìlàjì kejì sì dúdú. Kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́ rárá. Ìwọ̀n apá funfun tó kọjú sí àwa ló ń yí padà. Nígbà tí a fà á wá sáàárín ayé àti oòrùn, funfun náà kẹ̀yìn sí wa pátápátá, àpótí kékeré yẹn sì ṣú dùdù.

Ibi tí mo ti dá ọmọ dúró ni ìgbà tó fà á lọ sí òdìkejì oòrùn. Èèyàn kékeré kan wà lórí ayé inú àwòrán náà, tí a lè yí kí àkókò lè máa lọ. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lójú rẹ̀ ni òṣùpá tó kún ń yọ ní ìlà-oòrùn, kò sì wọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń pe òṣùpá àrànmọ́jú láìbéèrè ìdí tó fi jẹ́ èyí tó kún nìkan ló ń ràn mọ́jú. Ìdajì òṣùpá tó ṣì ń dàgbà kò lè ṣe é, nítorí àárín ọ̀run ló máa ń wà nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí yóò sì wọ̀ ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́. Ìdajì tó ń dínkù, ọ̀gànjọ́ gan-an ló ń yọ. Èyí tí ọmọ mi rí wà láàárín èyí tó kún àti ìdajì tó ń dínkù, ìyẹn ni kò fi tíì wọ̀ láago méje.

Àwòrán náà ní àléébù tirẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé èèyàn á rò pé oṣooṣù ló yẹ kí ìṣíjibò wáyé, ìyẹn kí òjìji ayé bo òṣùpá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà òṣùpá yẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 5 sí ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po, ó sì máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji ayé kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá wọ inú òjìji náà lóòótọ́, pípọ́n ló ń pọ́n, bó ṣe pọ́n lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ó tún ya òṣùpá mọ́ ayé jù. Mo gbé ọsàn kan sórí tábìlì, mo mú ọmọ ayò kan, mo sì rìn ní nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀ sẹ́yìn kí ìwọ̀n rẹ̀ tó bá ti òótọ́ mu. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo bá ara mi.

Ọmọ ló rí àléébù tó kù. Ó ní, "Mọ́mì, òṣùpá tiwa kì í dúró báyìí." Oṣù tuntun inú àpótí náà nàró ṣánṣán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ tiwa máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ni, tó bá sì yẹ̀, díẹ̀ ló ń yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Apá tó mọ́lẹ̀ kì í kọjú síbòmíràn ju ọ̀dọ̀ oòrùn lọ. Ní Ìbàdàn, tó fi díẹ̀ lé ní dígírì 7 sí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ń rì sísàlẹ̀ gbọnrangandan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ oṣù ní ìrọ̀lẹ́. Ní Nebraska, tó jìnnà sí àríwá, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọ̀. Ohun tí àwọn tó yà á ń rí lọ́hùn-ún ni wọ́n yà.

Mo ṣàlàyé èyí fún ọmọ, ó mi orí, ó wá gbé kọ̀ǹpútà náà dúró lórí etí rẹ̀ ọ̀tún. Oṣù dùbúlẹ̀. Ó ní òun ti tún un ṣe.